Pákó Tí Kò Gbọdọ̀ Dán

Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sí ìsàlẹ̀ àga adájọ́, tí mò ń kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn fẹnu sọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi mí léèrè rí pé kí ni èrò tèmi. Ó ti mọ́ mi lára. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ nípa aládùúgbò mi yìí, èyí tí mo fojú rí ni, àti èyí tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lórí ògiri kúkúrú tó là wá láàárín. Bí ẹ bá bá èrò tèmi pàdé nínú rẹ̀, ẹ foríjì mí, àgbà ló dé.

Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Bàbá Dídán ni gbogbo òpópónà wa ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde tí kì í dán. Ìbáà ṣe àga, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn, tó bá ti fá a tán, tó sì ti fi sáńpépà ha á lẹ́ẹ̀mẹta, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Tí ọwọ́ bá kọjá láìkọ́ nǹkan kan, yóò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, yóò di ojú. Gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ: "Tí pákó bá ṣì ń kọ́ ọwọ́, iṣẹ́ ò tíì parí." Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ àdúgbò ní eṣinṣin kan bà lé tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń wá ohun tó máa dì mú.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ni a ń pe ìyàwó rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, nọ́ọ̀sì sì ni ọmọ náà, ní ìlú kan tó tó ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀. Ìyá yìí ò lariwo. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí lójú mi, àfi ewúrẹ́ kan tó wọ inú ọgbà rẹ̀. Ọgbà yẹn ni ayé rẹ̀: ata, tòmátì, àti òdòdó kan tó pupa tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ orúkọ rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ ló ti máa ń wà níbẹ̀, tí á máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Bàbá Dídán ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, orúnkún ti ń dun ìyàwó rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wọn ga, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń di ẹrẹ̀ tí òjò bá ti rọ̀. Ó ní òun máa kọ́ pèpéle onípákó fún un, láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí ọgbà, pẹ̀lú àtẹ̀gùn mẹ́ta tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sáàárín ata rẹ̀. Oṣù méjì ló fi ṣe é. Ojú fèrèsé yàrá ìdáná mi kọjú síbẹ̀, mo sì ka pákó náà, torí kíka nǹkan wà lára iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, gbogbo wọn dábùú ọ̀nà, wọ́n wọra tó bẹ́ẹ̀ tí ewé ò lè gba àárín wọn kọjá. Ó fá wọn, ó ha wọ́n, ó fi fáníìṣì kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń dán gbinrin. Tí oòrùn bá ràn sí i, o máa rí àwọsánmà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa lọ wò ó, gbogbo wa ló sì yìn ín. Kò sí ẹni tó rántí pé ìta ni nǹkan yìí wà, àti pé òjò ń bọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo yìn ín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tábìlì ni ọkùnrin yìí ṣe, ó wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ènìyàn máa rìn lórí rẹ̀.

Òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, mò ń gbé omi kaná láàárọ̀ nígbà tí mo gbọ́ nǹkan tó dún gbì, tí garawa sì tẹ̀ lé e, tó ń yí gbirigbiri lọ. Kí n tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé débẹ̀, Bàbá Dídán ti gbé ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ọrùn ọwọ́ òsì ìyá náà ti wọ́. Kò sunkún, ó kàn ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ọkọ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú pákó.

Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe pákó yìí. Bàtà tó wọ̀ ni."

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà."

Òótọ́ ni. Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í wọ bàtà gun pèpéle yẹn, kó má baà ha iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá Dídán ò wo ẹ̀yìn kankan. Ó ń wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ bóyá ó máa rí bàtà.

Ọmọ wọn dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fi nǹkan funfun di ọwọ́ ìyá rẹ̀ láti ìka dé ìgúnpá. Èmi ni mo gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, torí náà mo bá wọn nínú pálọ̀. Nọ́ọ̀sì ò jókòó. Ó ti lọ sẹ́yìn lọ tẹ pèpéle náà wò, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú sí mi o. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ṣubú ni mò ń tọ́jú. Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, egungun ìbàdí ni. Ẹni tó bá ti tó Màámi lọ́jọ́ orí, tó sì dá ìbàdí, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà wọ ilé ò pọ̀."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ tú u. Kí wọ́n da kọnkéré síbẹ̀."

Bàbá Dídán ní, "Kọnkéré!" bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ jẹ ẹrẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Tí ẹ ò bá tú u, mo máa mú Màámi lọ sọ́dọ̀ mi. Òní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsinmi mi lẹ́nu iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dé tí pákó yẹn ṣì ń yọ̀, aṣọ wọn ni mo máa kó."

Ó wá gbé báàgì ńlá kan tó mú wá, báàgì aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní táyà nídìí, ó gbé e sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló fi í sí nígbà tó lọ.

Mo ṣàkíyèsí pé ẹnikẹ́ni ò bi Ìyá Nọ́ọ̀sì léèrè. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ lọ tán, mo bi í lórí ògiri.

Ó ní, "Ọmọ mi ò burú, ire mi ló ń wá. Àmọ́ àjà kẹrin ni ilé rẹ̀ wà. Òdòdó inú ike kan ló wà lójú fèrèsé, ó sì ti kú. Tí mo bá débẹ̀, kí ni mo máa máa jí ṣe?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe. Ó ra ẹní rọ́bà, ó tẹ́ ẹ sórí pákó. Òjò rọ̀, omi wọ abẹ́ ẹní, ẹní sì gbéra tòun ti ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ férémù ilẹ̀kùn tó dì mú. Ó ká ẹní kúrò. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó bí mi nínú jù lọ: ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní kí ìyàwó òun má jáde títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró lọ́dún náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ bomi rin ata, ó sì ń bu ú lù wọ́n bí ẹni ń paná. Tòmátì méjì wó.

Ìyá Nọ́ọ̀sì máa ń jókòó sójú fèrèsé, ọwọ́ funfun rẹ̀ lórí itan, á máa wo ibẹ̀. Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan òun kàn sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni. Òun ní, "Bàbá, ọmọ yín fẹ́ gbé mi lọ síbi tí ò sí ọgbà. Ẹ̀yin ti gbé mi débẹ̀ kó tó dé."

Mo bi í pé kí ni Bàbá Dídán wí. Ó ní ó jókòó, ó sì ń wo báàgì tó wà lórí àga.

Ọjọ́ kọkànlá ni nǹkan yí padà. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fi igi ti tòmátì tó wó. Mo wà lójú fèrèsé mi, mò ń bó èèpo iṣu. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde tìgboyà tìgboyà, bí baálé ilé ṣe ń jáde. Lórí pákó kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ó ṣubú gbàà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ sùn sílẹ̀.

Mo sọ ọ̀bẹ nù, mo ń wá bàtà mi. Nígbà tí mo tún bojú wo ìta, kò tíì dìde. Kò dákú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí pákó, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń fi í lé tábìlì, òjò sì ń pa á. Ó gbé ọwọ́ kan, ó fi ra ojú pákó náà lọ, ó fi ra á bọ̀. Ọwọ́ náà ò kọ́ nǹkan kan.

Mo débẹ̀ pẹ̀lú agbòjò. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè é.

"Bàbá! Ṣé ẹ ò dá nǹkan kan?"

Ó ní, "Rárá." Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí pákó: "Ó dán jù."

Ogún ọdún tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́.

A mú un wọlé, a fún un ní aṣọ gbígbẹ. Ó jókòó, ó ń ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ní nǹkan kan wà lọ́wọ́ òun tó ń yọ̀, kì í sì í ṣe fáníìṣì. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, kí lo fi ń fọ pèpéle yẹn?"

"Ọṣẹ ni."

"Ìgbà mélòó?"

"Àràárọ̀, kí ọwọ́ mi tó ṣẹ́. Mi kì í ṣan án dànù púpọ̀, torí ọṣẹ yẹn ló ń jẹ́ kó máa dán. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yín ṣá."

Bàbá Dídán wò ó. "Ọṣẹ kọ́ ló ń jẹ́ kó dán. Èmi ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé tí o bá lọ sílé ìjọsìn ni mo máa ń fi òróró pa á. Mo fẹ́ kí o máa bá a lọ́tun."

Ẹ gbà mí o: ọkọ ń fi òróró pa á nítorí ìyàwó, ìyàwó ń fi ọṣẹ pa á nítorí ọkọ, ohun aláwọ̀ ewé tí òjò ń mú hù sì wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ń jẹun. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi, ó rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bàbá Dídán ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wá ìwé àti pẹ́ńsù.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ó tú gbogbo pákó náà, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fi omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì onírun líle gbo wọ́n títí ohun aláwọ̀ ewé náà fi tán lára wọn. Ó gé ẹ̀ka igi tó ṣíji bo ibẹ̀, kí oòrùn lè máa gbẹ ẹ́. Ó fi irin ha fáníìṣì kúrò. Ìyẹn gba ọjọ́ mẹ́rin, mo sì rí i pé inú rẹ̀ ò dùn, àmọ́ ó ń ṣe é.

Ibi tó ti fẹ́ kọ̀ ni ti ìlà. Ó ní ìfági kékeré kan tó lẹ́nu tóóró, èyí tó máa ń fi gbẹ́ ojú ibi tí gíláàsì máa wọ̀ lára fèrèsé. Ó mọ̀ pé ìfági yìí ni òun máa fi gbẹ́ ìlà sójú pákó, ìlà tó dábùú ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Ó gbé pákó àkọ́kọ́ sórí àpótí méjì, ó gbé ìfági lé e, ó sì dúró. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e padà. Mo fọ àwo mi tán, mo nù ún tán, ó ṣì dúró. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọwọ́ yẹn pé kó má fi ojú pákó sílẹ̀ ní gbágungbàgun. Ọwọ́ náà ò fẹ́ gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó gba orí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lọ bá a, jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sí ìpẹ̀kun pákó náà gbọingbọin.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń bá yín dì í mú. Ọwọ́ kan ni mo ní, àmọ́ ìdí mi pé. Ẹ gbẹ́ ẹ."

Ó gbẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Ó dún hàràrà. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n ń fà léyín. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó kù mẹ́ta." Ìlà mẹ́rin ló gbẹ́ sójú pákó yẹn, ó sì gbé òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni obìnrin yẹn fi jókòó lórí pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kígbe láti ojú fèrèsé pé ṣé pákó ni wọ́n ń kọ ilà fún. Èjìká ìyàwó Bàbá Dídán ń mì fún ẹ̀rín.

Nígbà tó tò wọ́n padà, ó fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn kí omi lè máa ro lọ sísàlẹ̀. Ó da yanrìn mímú pọ̀ mọ́ ọ̀dà, ó sì fi kun etí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí àlàfo yẹn, pákó kan ṣẹ́kù. Mo kà á: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nílẹ̀. Ó fẹ́ gbé èyí tó ṣẹ́kù jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ní kó fi ṣe igi ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó ní, "Ibi tí ọwọ́ máa dì mú, ẹ mú un dán bó ṣe wù yín. Ibi ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ẹ wo bí ọkùnrin náà ṣe ṣiṣẹ́ lórí igi ìdìmú yẹn! Odindi ọjọ́ kan. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e nígbà mẹ́fà.

Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì máa dé pé. Bàbá Dídán ti ń wojú ọ̀run láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń fẹ́ kí ojú ọjọ́ gbẹ. Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò sì dá. Nọ́ọ̀sì wọlé tòun ti agbòjò, ó kí wọn, ó kí mi, ó wo báàgì tó wà lórí àga, ó sì kọjá lọ sẹ́yìn. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ti tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jáde. Ó fi bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tẹ pákó, ó fi gìgísẹ̀ tì í, ó fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó kúrò lójú ọ̀nà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní nínà síwájú, kó lè gba ìyá rẹ̀ mú.

Ìyá Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Wọ bàtà ẹ." Ó ní, "Rárá." Ó jáde sínú òjò lẹ́sẹ̀ lásán. Bàbá Dídán kọ ẹ̀yìn sí ìta, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń wo báàgì. Ó sọ fún mi pé kí n máa sọ ohun tí mo bá rí. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ ayé mi nìyẹn.

Mo ní, "Wọ́n ti tẹ pákó kìíní. Kẹta. Wọ́n ti kọjá kẹrin." Èémí rẹ̀ dún. "Wọ́n dúró."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra á. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ń ha àwọn lẹ́sẹ̀." Omi bọ́ lójú mi níbi tí mo wà, èmi akọ̀wé ilé-ẹjọ́. "Wọ́n ti dé àtẹ̀gùn. Wọ́n ti di igi mú. Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, Bàbá. Wọ́n wà nínú ata."

Nọ́ọ̀sì ti sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dúró nínú òjò, ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo já tòmátì, tó sì ń bá wọn wí pé wọ́n ò tọ́jú ara wọn nígbà tí òun ò sí. Nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé, ó ní òun máa padà wá wò ó lóṣù mẹ́ta, nínú òjò, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ní kó wá. Báàgì náà bá a padà lọ lọ́jọ́ kẹta. Ata àti tòmátì ló kún inú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì lọ yẹn, mò ń pa fèrèsé mi dé nígbà tí mo rí Bàbá Dídán tó jáde sẹ́yìn. Òjò ti dá, pákó ṣì tutù. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó kẹrin pẹ̀lú ìrora, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Ọwọ́ náà kọ́ lórí ìlà kìíní, ó kọ́ lórí ìkejì. Ìyàwó rẹ̀ bèèrè láti inú ilé pé kí ló ń ṣe síta.

Ó ní, "Kò sí nǹkan. Iṣẹ́ ti parí."